Ọ̀rọ̀ Tí Bíríkìlà Kì Í Sọ Lábẹ́ Òrùlé

Ojú mi méjèèjì ni mo fi rí i. Kì í ṣe pé ọlọ́kadà kan ló sọ ọ́ fún mi ní oríta, kì í sì í ṣe inú fóònù ni mo ti wò ó. Bí ẹ bá ti gbọ́ ọ lọ́nà mìíràn, ẹni tó sọ ọ́ fún yín kò sí níbẹ̀. Èmi wà níbẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ gan-an ni mo dúró sí.

Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, ojú kò sì tì mí láti sọ ọ́. Ẹ mú ẹni tó kàwé dé yunifásítì wá síwájú ògiri, kí ẹ mú èmi náà wá. Kí ó tó nu gíláàsì ojú rẹ̀ tán, màá ti sọ ibi tí omi ń gbà wọlé, màá sọ ibi tí wọ́n ti yọ sìmẹ́ǹtì mú, màá tún sọ bóyá ẹni tó mọ ọ́n jẹun lọ́jọ́ náà tàbí kò jẹ. Ní Ìsẹ́yìn tí mo ti wá, bí mo bá ń kọjá lọ, àwọn onílé a máa lọ dúró síwájú ibi tó sán lára ilé wọn kí ojú mi má baà tó o. Ta ni kò mọ Bàbá Sùlíyá níbẹ̀? Ilé tí èmi bá rẹ́, àkùkọ kò ní rí ibi tí yóò fi ẹsẹ̀ ha.

Nígbà tó yá, iṣẹ́ dínkù nílé, mo sì wá sí Abùjá. Bí mo ṣe dé ibẹ̀ kò ṣe pàtàkì. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló ṣe pàtàkì. Mo jáde sí àgbàlá ilé tí mo gba yàrá sí ní Orozo, mo rí ọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n jókòó, mo ní, "Ẹ kú àárọ̀ o!"

Ọ̀kan gbójú sókè. Ó ní, "Yauwa, sànnu." Àwọn méjì tó kù kò tilẹ̀ wò mí.

Mo dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣí fìlà lórí rẹ̀. Nílé, bí ọmọdé bá kí mi láìdọ̀bálẹ̀, mo lè má dá a lóhùn. Níbí, "yauwa" ni wọ́n fi ń dá èmi lóhùn. Mo padà wọlé, mo jókòó sórí ẹní, àyà mi sì ń lù kìkì. Ó ṣe díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé ẹ̀rù ni. Ọkùnrin ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta, tí ń gun àkàbà láìdi nǹkan mú, ló ń bẹ̀rù kí òun tún jáde lọ kí ènìyàn.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn náà mo wọ ọkọ̀ lọ sí Maitama, àdúgbò àwọn olówó, láti wáṣẹ́. Títì gígùn, títì mímọ́, kò sí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lórí rẹ̀ bí kò ṣe èmi. Inú mọ́tò ni gbogbo wọn wà, gíláàsì dúdú. Mo ń wo ògiri lọ. Kò sí ibi tó sán, kò sí ibi tó bó, kò sí ibi tí omi ti ya àwòrán sí. Ẹ̀yin ará, ògiri tí kò ní àléébù kankan bà mí lẹ́rù ju ajá lọ. Kí ni ẹni bíi tèmi wá ṣe níbi tí nǹkan kì í ti í bàjẹ́? Mégàádì kan yọjú nínú ihò géètì.

"Baba, who you dey find?"

N kò ní orúkọ ẹnikẹ́ni tí mo lè dá. Mo ní ọ̀nà ni mò ń wá.

"Road dey your front."

Mo tẹ̀lé ọ̀nà náà bí ẹni tí wọ́n lé.

Nírọ̀lẹ́, ìyàwó mi, Ìyá Sùlíyá, pè mí láti ilé.

"Báwo ni Abùjá?"

"Abùjá ti mọ̀ pé mo dé."

"Ṣé wọ́n ti fún yín níṣẹ́?"

"Wọ́n ń bẹ̀ mí. Mo ní kí wọ́n dúró ná."

"Ṣé ẹ ti jẹun?"

"Ẹran ni mo jẹ. Ẹran ńlá."

"Bàbá Sùlíyá, ohùn ẹni tó mu gaàrí lẹ fi ń sọ̀rọ̀ yẹn."

Obìnrin yẹn ti bá mi gbé pẹ́ jù.

Iṣẹ́ ṣí ní oṣù kejì. Ibi iṣẹ́ ni mo ti rí ohun tó yà mí lẹ́nu jù nílùú náà: ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ní fún gbogbo ohun tí kò dára mọ́. Mọ́tò kò ṣiṣẹ́, "e don spoil." Ẹran ń rùn, "e don spoil." Ògiri, fóònù, ọmọ tí kò gbọ́ràn, gbogbo rẹ̀, "e don spoil." Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí síbẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wí. Bí a bá jókòó jẹun ọ̀sán, èmi a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ṣé kò sí ọ̀rọ̀ nílé yín ni? Iṣu a máa jẹrà. Ẹyin a máa dòbu. Ọbẹ̀ a máa kan. Búrẹ́dì a máa bu. Irin a máa dípẹtà. Okùn a máa já, igi a máa dá. Ọ̀bẹ a máa kú, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó ń sin ín. Aṣọ a máa ṣá kó tó gbó, a sì máa gbó kó tó ya. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń sọ ibi tí nǹkan náà bá ìrìn rẹ̀ dé, ó sì ń sọ ohun tó yẹ kí ọwọ́ ṣe sí i. Ìkòkò tó sán, ẹ lè fi í gbé àgbàdo. Èyí tó fọ́, ẹ kó o dànù. Aṣọ tó ya, ẹ rán an. Èyí tó gbó, ẹ sọ ọ́ di ìnulẹ̀. Ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe gbogbo rẹ̀, báwo ni yóò ṣe mọ èyí tí yóò rán àti èyí tí yóò kó dànù?

Wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní, "Baba don start." Ṣùgbọ́n wọ́n ń gbọ́.

Ti ògiri ló kù. Ògiri ni ìwé tí mo kà parí. Ògiri a máa bó. Ìyẹn kò tó nǹkan, awọ ara lásán ni. Ó lè sán. Ẹ fi ojú sí i. Ó lè là. Ìyẹn ni pé ìka wọ ibẹ̀. Ó lè wú bí ikùn, ó lè tẹ̀, ó lè rì. Lẹ́yìn èyí, ọ̀rọ̀ kan ló kù, ọ̀rọ̀ náà sì ni bíríkìlà kì í sọ lábẹ́ òrùlé tí ènìyàn ń sùn sí.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀, ìkọ́ rẹ̀ kò sì dùn. Mo kéré nígbà náà. A dé ilé bàbá kan, mo wo ògiri ẹ̀yìn, mo sì fi igbe bọ ẹnu níwájú onílé: "Ọ̀gá, ilé yìí fẹ́ wó!" Ọ̀gá gbá mi létí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbọ́ ìró agogo. Ó ní, "O fẹ́ fi ẹnu rẹ tì í ni? Ẹnu ènìyàn a máa ti nǹkan ṣubú." Ó wá yíjú sí onílé, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, "Bàbá, ilé ń béèrè nǹkan." Onílé náà kò bi í léèrè. Ó wọlé lọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹní.

Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ yẹn kò tún jáde lẹ́nu mi mọ́. Mo ti sọ fún ọ̀pọ̀ onílé pé ilé wọn ń béèrè nǹkan. Ní Ìsẹ́yìn, bí mo bá ti sọ ọ́, wọ́n ti gbọ́.

Ọdún mi kẹta ní Abùjá ni Àlàájà kan, ará Ìlọrin, pè mí sí ilé rẹ̀ ní Jahi. Aṣọ ló ń tà lọ́jà. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kékeré ni, bákónì kan sì yọ jáde lókè ẹnu ọ̀nà bí ètè ìsàlẹ̀. Abẹ́ bákónì yẹn ni ìyá rẹ̀ ń jókòó sí láràárọ̀ lórí àga ike, búta àlùwàlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ìyá Àgbà ni gbogbo ilé ń pè é. Bí mo ṣe wọlé, Àlàájà fi orúnkún kan ilẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ kú ìrìn." Ọdún mẹ́ta, ẹ̀yin ènìyàn! Ọdún mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kò fi orúnkún kan ilẹ̀ nítorí mi.

Ìyá Àgbà ní, "Ìlú wo?"

"Ìsẹ́yìn ni, Màmá."

"Ará Ìsẹ́yìn! Ṣé òfì lo wá hun sára ilé ọmọ mi?"

"Màmá, bí mo bá fi sìmẹ́ǹtì hun ún tán, ẹ ó ní kí wọ́n fi rán agbádá."

"Ẹnu rẹ gùn ju àkàbà rẹ lọ." Ó wá ní kí wọ́n gbé wàrà díndín wá fún mi. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mò ń jẹ ẹ́, mò ń gbọ́ Yorùbá níwájú, mò ń gbọ́ ọ lẹ́yìn. Mo rò ó lọ́kàn mi pé mo ti délé.

Àlàájà wá nàka sí abẹ́ bákónì. Omi òjò ń gba ibẹ̀ kán sí Màmá lára. Ó fẹ́ kí n rẹ́ ẹ, kí n kùn ún, kí ó di tuntun kí Iléyá tó dé, nítorí àlejò pọ̀ tí yóò wá.

Mo gun àkàbà. Mo fi ìdí òòlù kan kọnkéré náà. Kò dún bíi kọnkéré. Ó dún bí igbá òfìfo. Mo kan ibòmíràn, bákan náà. Mo fi ìka bọ ibi tó là, ó wọlé dé oríkèé kejì, iyanrìn gbígbẹ sì ń dà jáde bíi gaàrí nínú àpò tó lu. Irin inú rẹ̀ ni mo fi èékánná ha wò: ó ń re bí èèpo igi. Kì í ṣe ìpẹtà mọ́. Kò sí irin níbẹ̀ mọ́, ojú rẹ̀ nìkan ló kù.

Èmi! Mo sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mo ń di igi àkàbà mú bí àgbà obìnrin.

"Ọ̀gá, báwo ni?"

"Àlàájà, ilé yìí ń béèrè nǹkan."

Ó wojú mi. Obìnrin ọlọ́gbọ́n ni. Ó rí i pé nǹkan wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà. "Ẹ là á yé mi, ọ̀gá. Ṣé ó fẹ́ wó ni?"

Bí ẹni ń béèrè bóyá mo fẹ́ omi ló ṣe sọ ọ́. Mo wo òkè. Mo wo Ìyá Àgbà tó ń ka ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ ibẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì. Etí mi hó, etí ibi tí ọ̀gá mi gbá.

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ o!"

"Ẹ dáhùn, ọ̀gá. Ṣé kí n pe ẹnjiníà?"

Ẹnjiníà. Mo rí ọmọkùnrin kan tó wọ bàtà dídán, ó ń tẹ fóònù, ó ní kí bàbá bíríkìlà yìí máa lọ. Mo rí ara mi lójú títì tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ mí. Kò ní sí ẹni tí yóò pè mí ní ọ̀gá mọ́, kò ní sí wàrà mọ́.

Ẹ gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu mi. "Àlàájà, ta lẹ̀ ń bi? Ọwọ́ mi yìí? Bí mo bá ṣe é tán, ọmọ ọmọ yín á bá a láyé!"

Ó rẹ́rìn-ín. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Ọjọ́ méjì ni mo fi ṣe é. Mo fi sìmẹ́ǹtì dí ojú rẹ̀, mo rẹ́ ẹ, mo kùn ún ní funfun báláú. Ó lẹ́wà. N kò ní purọ́ fún yín, ó lẹ́wà ju ti Maitama lọ. Àlàájà fi fóònù ya á ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀, ó ní kí èmi náà dúró síbẹ̀ kí òun ya mí mọ́ ọn. Mo dúró. Mo rẹ́rìn-ín. Gbogbo àkókò tí ó fi ń wá ibi tí oòrùn ti mú un dáadáa, mò ń gbọ́ ọ lókè orí mi, kì í ṣe pé ó dún o, dídákẹ́ rẹ̀ ni mò ń gbọ́.

Láti ọjọ́ náà ni oorun ti dágbére fún mi. Àsìkò òjò ni. Bí ojú ọ̀run bá ti ṣú ní Orozo, màá jáde lọ wo apá Jahi. Màá wà ní ibi iṣẹ́ ẹlòmíràn, n kò ní mọ̀ pé mo ti gbé òòlù sílẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe Àlàájà.

"Àlàájà, mo kàn ní kí n kí yín ni. Màmá ńkọ́?"

"Wọ́n wà."

"Ibo ni wọ́n jókòó sí?"

"Ibi tí wọ́n máa ń jókòó sí náà ni. Ṣé kò sí o?"

"Kò sí o. Òjò ni mo ní kí n kí yín kú."

Nígbà tí mo pè é lẹ́ẹ̀kẹrin láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ sọ tòótọ́ fún mi. Ṣé ẹ fẹ́ fẹ́ mi ni?" Ó ń rẹ́rìn-ín kẹ̀kẹ̀. Mo gbọ́ tí Ìyá Àgbà ń sọ lẹ́yìn rẹ̀ pé, "Sọ fún un pé a kì í fi ọmọ wa fún ahunṣọ." Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo gé fóònù, mo sì fi ọwọ́ nu òógùn ọrùn mi nù.

Mo ro ọ̀rọ̀ náà sókè sódò. Nílé, bí mo bá ti sọ pé ilé ń béèrè nǹkan, kì í ṣe èmi nìkan ni mo sọ ọ́. Ará ilé kejì á gbọ́, yóò tún un sọ fún ìyá tó ń ta iyọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ̀gbọ́n onílé á ti wá láti ìsàlẹ̀ ìlú láti wá bínú. Gbogbo àdúgbò ni yóò gbé ọ̀rọ̀ náà títí yóò fi di iṣẹ́. Ní Abùjá, bí mo bá sọ̀rọ̀, ilẹ̀ ló ń bọ́ sí. Kò sí ẹni tó ń bá mi gbé e. Bóyá ohun tí à ń pè ní ilé ẹni nìyẹn: ibi tí ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ti tó.

Mo wá pe ọ̀gá mi ní Ìsẹ́yìn. Ó ti darúgbó, kì í jáde mọ́, ariwo ni à ń pa kó tó gbọ́.

"Ọ̀gá, ìyọ̀ǹda ni mo fẹ́ gbà. Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ yẹn."

"Ọ̀rọ̀ wo?"

"Èyí tí ẹ tìtorí rẹ̀ gbá mi létí."

Ó rẹ́rìn-ín, ó wúkọ́. Ó ní kí n ṣàlàyé. Mo ṣàlàyé fún un, láti orí irin dé orí ìyá arúgbó. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti rẹ́ ẹ tí mo sì kùn ún, ó ní, "O kùn ún?"

"Mo kùn ún, ọ̀gá."

"Bí mo bá sọ fún onílé pé ilé ń béèrè nǹkan, kí ni mo máa ń ṣe tẹ̀lé e?"

Mo ronú. Mo rí i kedere, bí ẹni pé àná ni. Ọ̀gá a máa sọ̀rọ̀ náà tán, a máa bọ́ agbádá rẹ̀, a sì mú àdá lọ sí ẹ̀yìn odi lọ gé ọparun.

"Ẹ máa ń fi igi tì í."

"Kí n tó jẹun ni, àbí lẹ́yìn tí mo bá jẹun?"

"Kí ẹ tó jẹun, ọ̀gá."

"Mo ní kí ẹnu rẹ dákẹ́ kí ọwọ́ rẹ lè sọ̀rọ̀. Ìwọ pa àwọn méjèèjì lẹ́nu mọ́, o wá fi aṣọ funfun bo egbò. Ṣé èmi ni mo kọ́ ọ níyẹn?"

"Rárá, ọ̀gá."

"Kí lo tún jókòó sí ń ṣe?"

Ó gé e.

Òjò ńlá ti rọ̀ mọ́jú kí n tó dé Jahi láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo ra ọparun mẹ́rin ní ẹ̀gbẹ́ títì, mo rù wọ́n léjìká. Ìyá Àgbà wà níbi tó máa ń wà, oòrùn ń ràn sí i lẹ́sẹ̀.

"Ará Ìsẹ́yìn, o ti kó igi òfì rẹ dé?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde níbẹ̀."

"Kí n dìde lọ síbo? Oòrùn ibí yìí nìkan ló mọ egungun mi."

Mo wo òkè. Ọ̀dà funfun mi ti sán láti igun kan dé èkejì, tínínrín bí irun orí, ojú ibẹ̀ sì tutù. Eruku díẹ̀ bọ́ sí mi létè. N kò bá Màmá jiyàn mọ́. Mo na ọparun kìíní ró, mo fi òkúta gbá ìdí rẹ̀ wọlé. Mo na èkejì ró. Mo fi òkúta gbá àtàǹpàkò ara mi. Mo ń gbé ìkẹta nílẹ̀ ni mo gbọ́ ohùn Àlàájà nínú ilé lókè.

"Ta ló ń gbá ilé mi yẹn?"

Mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn bákónì ṣí.

"Ọ̀gá? Ẹ̀yin ni? Igi ọparun lára ilé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn? Iléyá ku ọ̀la o!"

"Àlàájà, ẹ padà sínú."

"Ẹ yọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ máa bà á jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́."

"Àlàájà, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ padà sínú!"

Mo rí bàtà rẹ̀ lórí etí bákónì. Ó fẹ́ tẹ̀ síwájú kí ó lè rí mi dáadáa. Mo la ẹnu, ọ̀rọ̀ náà kò jáde. Ó tẹ ẹsẹ̀ kan síwájú. Ó tẹ èkejì.

"Ó ń wó!" Ohùn tó jáde kì í ṣe tèmi. "Àlàájà, ó ń wó! Ilé ń wó!"

Kò kúrò. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di irin etí bákónì mú, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò mí, inú ń bí i, ẹ̀rín sì fẹ́ pa á. Ó ní, "Ẹ̀yin náà ni ẹ ní ọmọ ọmọ mi á bá a láyé."

Ọ̀rọ̀ tó sọ gbẹ̀yìn níbẹ̀ nìyẹn. Bákónì náà kò dún gbàmù bí àwọn ènìyàn ṣe ń rò. Ó mí kanlẹ̀ ni, bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Mo ju ọparun nù, mo gbá Ìyá Àgbà mọ́ra, mo sì fi òun àti ara mi lu ilẹ̀ níwájú, ẹnu mi ló kọ́kọ́ kanlẹ̀. Nígbà tí mo yíjú padà, eruku ni mo rí. Ọparun méjì tí mo nà ró gbé apá kan rẹ̀ dúró, apá kejì ló já lulẹ̀. Nítorí náà bákónì náà kò ṣubú pẹrẹsẹ. Ó tẹ̀, Àlàájà sì yọ̀ lórí rẹ̀ wá sílẹ̀. Ìgbà tó dé ilẹ̀ tán ni èyí tó kù wá tẹ̀lé e.

Mo ń gbọ́ igbe kan. Mo fẹ́ kí ẹni náà dákẹ́ kí n lè gbọ́ ibi tí Àlàájà wà. Èmi ni mò ń ké.

Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹnjiníà dé, ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó wọ bàtà tí mo ti rò, ó sì fi èékánná ha irin náà wò. Lọ́jọ́ kẹta mo lọ sí ọsibítù. Ìyá Àgbà jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí táìlì. Kò pè mí ní ará Ìsẹ́yìn.

Ó ní, "Ọjọ́ wo lo ti mọ̀?"

Mo lè sọ pé òjò ni. Mo lè sọ pé àná ọjọ́ náà.

"Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gun àkàbà ni, Màmá."

Ó mi orí lẹ́ẹ̀kan. Ó yíjú sí ògiri. N kò tún gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìgbà náà.

Ìyá Sùlíyá pè mí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní, "Ṣé ẹ ti jẹun?"

Mo ní, "N kò tíì jẹun."

Ó bú sẹ́kún lórí fóònù, nítorí kò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu mi rí.

Orozo ni mo ṣì ń gbé. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí bí òjò bá ṣú. Àwọn ènìyàn ń sọ ọ́ káàkiri pé ilé mẹ́ta ló wó, pé ènìyàn mẹ́wàá ló kú. Kò rí bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó kú. Mo ti sọ fún yín pé mo wà níbẹ̀. Èyí tó ṣòfò nìyí:

Bákónì kan, pẹ̀lú irin etí rẹ̀. Ilẹ̀kùn kan. Àga ike kan. Búta kan. Fóònù Àlàájà. Ọparun méjì. Eyín iwájú mi méjì. Ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà Màmá: mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ni, a rí mọ́kànlélógójì ṣà. Ẹsẹ̀ ọ̀tún Àlàájà, láti ìsàlẹ̀ orúnkún.